Mo Kọ̀wé sí Bàbá Rẹ Nínú Kọ̀ǹpútà Ṣọ́ọ̀ṣì

La Cascarilla,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2024.

Arbey ọmọ mi,

Mo ti lọ́kọ. Mo tètè fi ọ̀rọ̀ náà síwèé kí ọkàn mi tó yí padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko nìyí tí mo ti ń fi pamọ́ fún ọ. Gbogbo ìgbà tí o bá pè lọ́jọ́ Àìkú ni ọ̀rọ̀ náà máa ń gòkè wá sí ọ̀fun mi, màá gbé e mì, màá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ adìẹ fún ọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ adìẹ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi. Kò sóhun tó ṣe àwọn adìẹ náà. Don Libardo Quiceno ni mo fẹ́, ẹni tó ń tún rédíò àti kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé búrẹ́dì, tí o máa ń lọ bẹ̀ pé kó fún ọ ní wáyà nígbà tí o wà ní kékeré. Lẹ́tà ni mo fi sọ ọ́ nítorí pé bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, o máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ìwé lẹ́nu.

Ní báyìí tí mo ti sọ ẹrù náà kalẹ̀, jẹ́ kí n kí ọ bó ṣe yẹ kí ìyá kí ọmọ. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Bogotá ò tíì wọ inú egungun rẹ? Sorany ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ méjèèjì ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹun? Mo ń gbàdúrà pé kí Màríà Mímọ́ fi aṣọ rẹ̀ bò yín mọ́lẹ̀, kí ẹsẹ̀ yín má kọ, kí ẹni tó gbà yín síṣẹ́ má ṣe rí àbùkù yín. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìkórè ti bẹ̀rẹ̀, kọfí ẹ̀bá odò pọ́n débi pé ẹ̀ka ń tẹ̀. Ajá ti bí mẹ́rin. Òjò tún gbé afárá ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ lọ, a sì tún fi ọparun kan òmíràn, ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo mọ ohun tí o sọ. Lọ́jọ́ tí a ṣe Máàsì ọdún kan tí bàbá rẹ kú, o dúró lẹ́nu ọ̀nà ìdáná, o ní ọjọ́ tí ọkùnrin mìíràn bá jókòó sórí àga Ovidio, ọjọ́ náà lo máa gbàgbé ọ̀nà La Cascarilla. Mi ò gbàgbé. Libardo náà ò gbàgbé, nítorí mo sọ fún un, ìdí nìyẹn tó fi gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá láti ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé e lé èjìká gba àárín ìlú kọjá lọ́jọ́ ọjà, gbogbo ènìyàn ń bi í pé ṣé ó ń lọ tà á ni. Orí rẹ̀ ló ń jókòó. Ó kúrú, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìgbàyà bó bá ń jẹun, kò sì ráhùn rí. Kí o sì tún mọ̀ pé a ò tíì sùn sábẹ́ òrùlé kan náà. Oúnjẹ àárọ̀ ló ń wá jẹ, bó bá di ìrọ̀lẹ́ ó ń padà sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, títí a ó fi dé iwájú pẹpẹ. Ka lẹ́tà yìí dé ìsàlẹ̀ kí o tó bínú. Bí o bá parí rẹ̀ tí ìbínú náà ò tíì tán, wọ bọ́ọ̀sì kí o wá bínú níbí.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Nínú oṣù kẹjọ, Libardo bi mí pé ṣé mo lè fẹ́ òun, mo ní màá rò ó. Mo rò ó láti ilé búrẹ́dì dé ẹnu ọ̀nà mi, mo yíjú padà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni o. A lọ bá Fadá Efrén. Fadá ní kò burú, kí n mú ìwé ìrìbọmi mi wá, kí ìwé náà má sì ju oṣù mẹ́ta lọ láti ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, òfin ni. Ìwé ńlá tí wọ́n kọ orúkọ mi sí lọ́jọ́ tí wọ́n rì mí bọmi ti bàjẹ́ tipẹ́, òrùlé ló jò sí i, ojú ewé rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra bíi àkàrà àgbàdo arepa tó wọ omi. Ṣùgbọ́n kó tó bàjẹ́, Doña Ofir, akọ̀wé ìjọ, ti fi odindi ọdún kan tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀ṣì. O mọ Doña Ofir, ẹni tó máa ń ka iye ìgbà tí ènìyàn bá yán nínú Máàsì. Àárá wá sán lọ́dún tó kọjá, ó pa kọ̀ǹpútà náà. Bíṣọ́ọ̀bù fi tuntun ránṣẹ́, tuntun náà dára, ó ń dán, àmọ́ ètò àtijọ́ tí orúkọ wa wà nínú rẹ̀ kọ̀, kò ṣí níbẹ̀. Báyìí ni gbogbo wa, ẹni tí wọ́n bí ṣáájú òrùlé tó jò, ṣe di ẹni tí wọn ò rì bọmi rí.

Libardo ló yanjú ẹ̀. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ti mọ̀ ọ́n dáadáa báyìí, mo lè kọ́ ìwọ náà. Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní ètò kan tó jẹ́ olórí, òun ló ń darí gbogbo ohun tó wà nínú ilé. Olórí tuntun ò gbọ́ èdè àwọn ará ilé ti àtijọ́. Libardo wá yọ ọkàn kọ̀ǹpútà tó kú, nítorí àárá ò pa ọkàn rẹ̀, ara rẹ̀ nìkan ló pa. Ó wá ṣe kọ̀ǹpútà kan tí kò ní irin, tí kò ní wáyà, sínú kọ̀ǹpútà tuntun, ó sì fi olórí àtijọ́ jọba níbẹ̀. Ó fún un ní ìdá kan nínú mẹ́rin agbára ilé pé kó máa fi ìyẹn gbọ́ bùkátà, bí ẹni fún ìbátan ní igun oko. Èyí tó wà nínú ò mọ̀ pé inú ẹlòmíràn lòun wà. Ó rò pé òun ni onílé. Libardo ní kò gbọdọ̀ bá ìta sọ̀rọ̀ rárá, nítorí kò ní ìlera mọ́, àrùn tó ń jà níta lóde òní á pa á ní wákàtí kan. Mo ní ó yé mi, ó wà nínú ogójì ọjọ́ bí ìyá ọlọ́mọ tuntun, wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Libardo wò mí títí, ó ní nínú gbogbo ìwé tí òun kà, kò sí èyí tó ṣàlàyé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mo fojú ara mi rí i. Libardo ṣí fèrèsé kékeré kan láàárín ojú kọ̀ǹpútà tuntun, òkè kan yọ níbẹ̀, koríko tútù yọ̀yọ̀ àti ojú ọ̀run tó mọ́. Ilẹ̀ tó dára tó bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó gbin igi kọfí kan ṣoṣo sí i. Mo béèrè ta ni ó ni ín, Libardo ní òun ò mọ̀. Mo sì kí wọn káàárọ̀ níbẹ̀ kí n tó jókòó.

Ọjọ́ kejì ni Doña Ofir fóònù Libardo pé òun ti wọ inú ẹ̀rọ àtijọ́ lọ, òun ò sì lè jáde mọ́. Ilé mi ni Libardo wà tó ń bá mi tún ẹ̀rọ ìbó kọfí ṣe. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé Doña Ofir ò fẹ́ràn mi, àmọ́ ènìyàn kì í fi ẹlẹ́ran ara sílẹ̀ kí ebi pa á síbẹ̀. Mo di arepa mẹ́rin àti wàràkàṣì, mo rọ omi ṣúgà ìrèké panela gbígbóná sínú fúláàsì, mo sáré gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú Libardo. Mo bá Doña Ofir lórí àga rẹ̀, ara rẹ̀ pé, ọfà kékeré tó fi ń tọ́ka sí nǹkan lójú ẹ̀rọ ló há sínú fèrèsé náà. Ó wo fúláàsì, ó wò mí, ó ní, Edelmira, ṣé nítorí kí n lè máa jẹun nínú ibẹ̀ lo ṣe gbé èyí wá? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó ní Ọlọ́run ló mọ ẹni tó fún ní ọgbọ́n, ó ní Libardo ló ń kó irú èyí lọ sílé o. Ó sì jẹ arepa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Libardo dé, ó tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, ọfà náà jáde.

Ìwé mi tẹ̀ jáde lọ́jọ́ yẹn, orúkọ mi, orúkọ ìyá mi, gbogbo rẹ̀ pé. Mo gbé e lọ fún Fadá bí ẹni gbé ẹyin. Fadá wọ jígí, ó kà á, ó bọ́ jígí. Ó ní, Edelmira, ìwé yìí ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ní Fadá, ó ṣì ń gbóná láti ẹnu ẹ̀rọ. Ó ní ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ni kí n wò, ọdún 2009. Ó ní èyí tó burú jù ni pé lọ́dún yẹn Ovidio ń bẹ láyé, òun ló gbé ẹsẹ̀ iwájú ère Màríà nígbà tí a gbé e yí ìlú ká. Ó ní pẹ̀lú ìwé yìí, ńṣe lo wá gbààyè láti fẹ́ ọkọ kejì nígbà tí ti àkọ́kọ́ wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tó ń làágùn.

Libardo dọ̀bálẹ̀ fún Fadá tán, ó ní òun lòun jẹ̀bi. Àṣẹ tí wọ́n fi ń lo ètò ìrìbọmi náà ti parí láti ọdún 2010, ẹni tó ṣe é sì ti kú, kò sẹ́ni tó lè fún wa ní òmíràn. Bí ètò náà bá mọ ọdún tí a wà, á ti ilẹ̀kùn mọ́ wa lójú. Ìdí nìyẹn tí òun fi dá aago èyí tó wà nínú padà sí 2009. Níta níbí 2024 ni, nínú ibẹ̀ 2009 ni.

Doña Ofir gbọ́. Kí n tó sọ̀kalẹ̀ dé ilé búrẹ́dì, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú mi débẹ̀. Ẹnìkan lórí ìlà ní, ẹ jẹ́ kí Edelmira kọ́kọ́ rà, ó ti pẹ́ tó ti ń kánjú, láti 2009 ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ajá ni mo fún ní búrẹ́dì náà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ ní Bogotá, bó ṣe jẹ́ ni mo sọ fún ọ yìí. Nígbà tí bàbá rẹ wà láyé, mi ò wo ojú ọkùnrin kankan kọjá iye tí ènìyàn fi ń kí ènìyàn.

Ohun tí mo fẹ́ kí o kà gan-an ló kù báyìí, Arbey. Mi ò lè sùn dáadáa nítorí ọ̀rọ̀ 2009 yẹn. Mo ń rò ó pé ọdún tí bàbá rẹ gbin kọfí ẹ̀bá odò nìyẹn. Bí nínú ibẹ̀ bá jẹ́ 2009, a jẹ́ pé Ovidio wà níbẹ̀, kò tíì kú, kò sì sẹ́ni tó sọ ohunkóhun fún un. Mo lọ bá Libardo, mo ní ṣé a lè kọ̀wé sí ẹni tó wà nínú. Libardo nu jígí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní a lè kọ ọ́, àmọ́ òun ò lè ṣèlérí pé ẹnìkan á kà á. Ó ṣí ojú ewé funfun kan fún mi nínú ẹ̀rọ àtijọ́, ó fà sẹ́yìn kó má baà rí ohun tí mo ń tẹ̀, mo ní kó padà wá, nítorí mi ò mọ ibi tí àwọn lẹ́tà wà.

Mo kọ ọ́ pé, Ovidio, èmi Edelmira ni, má jáyà. Arbey ti dàgbà, ó ti gbéyàwó, o ti ní ọmọ-ọmọ méjì, èyí ọkùnrin ń rìn bíi tìrẹ. Libardo onírédíò fẹ́ kí n jẹ́ aya òun. Bí o bá kọ̀ ọ́, sọ fún mi. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí Libardo fi kún un pé, bí ó bá di oṣù karùn-ún ọdún 2013 tí àyà bá ń dùn ọ́, má sọ pé afẹ́fẹ́ ló wọ̀ ọ́ lára. Sọ àpò kọfí yẹn sílẹ̀. Wọ jíìpù lọ sí ọsibítù Manizales lójú ẹsẹ̀.

Libardo tẹ̀ ẹ́ tán kí a tó jọ rò ó. Bí Ovidio bá gbọ́ràn, kò kú nìyẹn. Bí kò bá kú, orí àga rẹ̀ ló wà lónìí, èmi sì ni ìyàwó rẹ̀. Mo wo Libardo, Libardo wò mí. Mo ní ṣé kí a pa gbólóhùn yẹn rẹ́ ni? Ó ní rárá, Doña Edelmira, ẹ fi sílẹ̀. Mo ní ìwọ ńkọ́? Ó ní òun á padà sídìí rédíò òun, kò sóhun tó máa ṣe òun. Ó ní òun fẹ́ mi, òun ò sì tìtorí ẹ̀ fẹ́ kí Ovidio kú. Ó tẹ bọ́tìnnì tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́, ó ní ó ti lọ.

A dúró de èsì. Fadá gbé ẹ̀wà kaná ní ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì, a dúró títí ẹ̀wà fi jinná. Èsì ò wá. Ìwọ náà mọ bàbá rẹ, ohun tí kò bá wù ú, kì í jẹ́ kí ẹnu rẹ padé kó tó sọ ọ́. Nígbà tó bá dákẹ́, ó ti gbà nìyẹn. Bó ṣe gbà kí o lọ sí Bogotá náà nìyẹn, ó dákẹ́, ó sì lọ ra àpò ìrìnàjò fún ọ. Mo padà sílé, mo wo àga náà. Kò sẹ́ni lórí rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sunkún díẹ̀, torí mo mọ̀ pé kò gbọ́ ti ọsibítù, bí kò ṣe gbọ́ nígbà tó wà níta. Mo nu ojú, mo ránṣẹ́ sí Libardo pé kó wọ aṣọ tó mọ́.

A ò dúró de ìwé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn a wọ jíìpù àárọ̀ lọ sí Manizales, sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fi òfin so ènìyàn pọ̀. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń ka ìka ọwọ́. Ó ka ti Libardo lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó kọ tèmi. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún, mo fi òsì, mo fi gbogbo ìka mẹ́wàá, ó ní òun ò rí ènìyàn kankan. Mo ní ó ti tán, Ọlọ́run ti rí mi, torí pé mi ò tíì sọ fún Arbey. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ ní, ẹ má bẹ̀rù, Ìyá, gbogbo ẹni tó ń ká kọfí ló ń bá fínra, igi kọfí ló jẹ ìlà ọwọ́ yín tán. Ó fi ìpara pa á, ó ní kí n fi àtàńpàkò òsì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́, iná àwọ̀ ewé tàn. Mo fọwọ́ síwèé. Libardo fọwọ́ síwèé. Nígbà tí a jáde, ó ra yìnyín dídùn fún mi, ó pè mí ní Edelmira láìfi Doña sí i, Arbey, mo ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ẹsẹ̀ mi ò sì kan ilẹ̀ títí a fi padà dé La Cascarilla.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Fadá rí ọ̀nà. Ó bá bíṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀, wọ́n ní kò sóhun tó ní kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tẹ ìwé. Fadá á wo orúkọ mi nínú ẹ̀rọ àtijọ́ pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, á fi ọwọ́ kọ ọ́, á fi ọjọ́ òní sí i, ẹlẹ́rìí méjì á sì fọwọ́ sí i pé àwọn rí i. Ẹlẹ́rìí kejì ò sí, Doña Ofir ní òun á fọwọ́ sí i. Ó kọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ìlà lábẹ́, ó wá ní kí n mú arepa díẹ̀ wá lọ́jọ́ Àìkú.

Ohun tó kù ò ju ìwọ lọ. Fadá béèrè ẹni tó máa mú mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní Arbey ọmọ mi ni. Ó ní bí kò bá wá ńkọ́, mo ní a jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ni màá dúró sí, kí wọ́n máa kọrin lọ nínú ilé. Libardo ní òun á dúró tì mí níta, òjò ìbáà rọ̀. Mi ò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò bàbá rẹ. Libardo kọ́ mi pé ènìyàn lè ṣí yàrá fún àtijọ́ nínú tuntun, kí àtijọ́ máa jẹ́ ara rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì lé e. Àga náà wà níbi tó wà. Ìwọ ni mo fẹ́ kó jókòó lé e bí o bá dé. Bí o bá sì fẹ́ ka ohun tí mo kọ sí bàbá rẹ, Libardo á ṣí i fún ọ. Ó fi ẹ̀dà méjì pamọ́, ó ní nítorí pé iná lè lọ.

Owó tí o máa ń fi sínú fóònù mi, jọ̀ọ́, má fi sí i lóṣù yìí. Fóònù náà sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun ti kún, àyè ò sí mọ́, mi ò sì fẹ́ kí tìrẹ dà sílẹ̀. Fi ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì fún ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí nǹkan bá ṣẹ́kù, ra bàtà funfun fún mi, nọ́ńbà mẹ́rìndínlógójì, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ má ga, o mọ bí àkàsọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe rí. Tún bá mi ra rìbọ́ọ̀nù fún ọmọ rẹ obìnrin, òun ló máa gbé òrùka.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ ní àlọ àti àbọ̀. Kí ọwọ́ rẹ má di òfo, kí ilé rẹ má di ahoro, kí àwọn ọmọ rẹ gbọ́ tìrẹ ju bí o ṣe ń gbọ́ tèmi lọ. Bí o bá ń bínú, kí ó jẹ́ ìbínú tó mọ ọ̀nà ilé.

Èmi ni ìyá rẹ, Edelmira, tó ti di ìyàwó.

Ọjọ́ Sátidé ni Máàsì ìgbéyàwó náà, àmọ́ jíìpù kì í gòkè wá láàárọ̀ Sátidé. Gbogbo yín gbọ́dọ̀ ti dé ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá, kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù.